Adíhò àti Ògiri Bàálù Rẹ̀

Ihò tó gba wáyà, yóò gba iná. Gbogbo ìdílé wa ló ń pa òwe yìí, ó sì ti jáde nílé wa wọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àwọn tó ń fa iná mànàmáná ló kọ́kọ́ pa á. Irọ́ gbáà ni. Mo wà níbẹ̀. Ìdí mi gan-an wà níbẹ̀, ó há.

Àbúrò ọkọ mi ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré lẹ́yìnkùlé wa. Ó ti bá wọn tún bàálù ṣe pẹ́ ní Kàdúná kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ṣàngódèyí ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwé ni mo kọ ọ́ sí, n kò fi ẹnu pè é. Akọ̀wé ni mo ń pè é, títí ọ̀rọ̀ ihò fi dé.

Ògiri onírin pẹlẹbẹ kan wà nínú bàálù náà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí èèyàn ń jókòó sí, kí ẹ́ńjìnnì má baà jó ẹni tó ń wà á bí ó bá gbiná. Ṣùgbọ́n wáyà àti páìpù epo gbọ́dọ̀ gba ara ògiri náà kọjá, ó sì di dandan kí a lu ihò sí i. Ọkọ mi ní kí wọ́n fi rọ́bà dí etí ihò náà bí wọ́n ti ń ṣe é sí mọ́tò. Àbúrò rẹ̀ ṣáná sí rọ́bà kan lójú wa. Rọ́bà yọ́, ó ń kán sílẹ̀ bí àbẹ́là.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹrú ihò. Ó gbẹ́ irin róbótó bí òrùka, ó dè é mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì ki ohun kan bí amọ̀ tí iná kì í ràn sínú àlàfo tó kù. Ó tún wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kì í jóná fún páìpù epo. Ẹsẹ̀ tèmi ń sán nínú ọyẹ́, páìpù ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, bàálù kò kúrò lójú kan. Mo bá sọ ọ́ ní Adíhò, mo sì ń ṣẹ̀fẹ̀ pé n kò rí ọmọ Ṣàngó tó ń sá fún iná rí.

“Adíhò, ọkọ mi,” mo wí lọ́jọ́ kan, “ihò tí eèrà gan-an máa fún ara rẹ̀ kó tó gba ibẹ̀ kọjá, ṣé òun ló ń dá wa dúró?”

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ìyàwó, ihò tó gba wáyà, yóò gba iná. Iná ò sanra bíi tìẹ.”

Nígbà tó tó àkókò láti dán ẹ́ńjìnnì wò, wọ́n gbé bàálù lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Adíhò ń fẹ́ ẹni tó wúwo tí yóò jókòó sínú rẹ̀, tí yóò tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀, kí òun lè máa wo ẹ́ńjìnnì níta. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ewé mi dání, mo wọlé, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ní ìdí ògiri onírin yẹn. Àga náà gbà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tinútinú.

Ẹ́ńjìnnì dún. Mo ń juwọ́ sí àwọn èèyàn bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àfi bí epo ṣe jò sára irin gbígbóná, tí iná sọ níwájú mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì kú, iná kò kú. Adíhò ń pariwo pé kí n jáde, ọkọ mi ń fà mí lápá, ìdí mi kò yọ. Iná ń jó lódìkejì, ẹsẹ̀ mi wà níbí, kò sí ju irin pẹlẹbẹ náà lọ láàárín wa. Mo ń wo ihò wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń retí ahọ́n iná. Èéfín pàápàá kò yọjú níbẹ̀.

Adíhò gbé agolo pupa tí wọ́n fi ń paná, ó fín in títí iná fi kú. Ìgbà náà ni ọkọ mi tó fà mí yọ. Ìró mi kù sórí àga, tòbí nìkan ni mo wọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ojú ògiri tó kọ sí ẹ́ńjìnnì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú tó kọ sí mi mọ́ bó ṣe wà. Adíhò ń tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tó ṣe mí, ó jókòó sórí koríko, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyàwó, mo rò pé mo ti pa ọ́ ni.”

Mo rántí ọ̀lẹ̀lẹ̀ mi, mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ewé rẹ̀ kò jó rárá, àmọ́ ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Adíhò, ẹ wá jẹun,” mo ní. “Iná tó fẹ́ jó mi ló bá mi gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kaná.”

A jẹ ẹ́ lórí koríko níbẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú ọkọ mi. Orúkọ tí mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀ di oríkì láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ ńlá tán, tó ní àlàfo kékeré tó kù kò já mọ́ nǹkan kan, tàbí tí oníwàǹwára kan bá ń bú ẹni tó fara balẹ̀ dí àlàfo náà, ìgbà náà ni àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ihò tó gba wáyà, yóò gba iná. Bí mo bá sì wà ní ìjókòó, n óò fi tèmi kún un: ẹ dí i dáadáa, nítorí ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í tètè yọ.