Ọwọ́ Ìbídùn Kò Tó Apẹ̀rẹ̀

Ọ̀gá ni Ìbídùn nídìí básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tó ń sanwó oṣù fẹ́ mú agbábọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Òun ló kúrú jù. Bó ṣe ń fò láti ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ga ń gbá a dànù.

"Kúkúrú, lọ gbé àpótí wá!" Ọ̀kan nínú wọn ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó rí i pé kóòṣì fẹ́ fun fèrè ìparí, Ìbídùn yéé fò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já bọ́ọ̀lù gbà lábẹ́ ọwọ́ wọn, ó jù ú sí Fadérera tí wọ́n jọ wà lápá kan náà, tó ga bí ọ̀pẹ. Ìyẹn kàn sọ ọ́ sápẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe.

Kóòṣì bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá gba jẹ́sì."

"Èmi náà, sà?"

"Ìwọ gan-an. A ó bá ẹ gé e nísàlẹ̀."