Ìdí Tí Ọ́kíìdì Fi Gun Èjìká Igi Obì

Nígbà láéláé, kí Igi Obì tó mọ̀ pé òun lè pọn ọmọ ọlọ́mọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ọ́kíìdì ń gbé. Òdòdó kan báyìí ni, ewé rẹ̀ nípọn bí etí ewúrẹ́. Etí odò ni ilé bàbá rẹ̀, lórí àpáta, níbi tí erùpẹ̀ ò ti tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ewé díẹ̀ tó ti rà, omi díẹ̀ tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀, ó parí. Ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró rí i lọ́jọ́ tó lọ pọnmi. Ìrudi méjì wà lára Ọ́kíìdì, kò tíì tanná rí láyé rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yìnkùlé mi ni èyí á ti tanná."

Ó hú u, ó gbé e lọ sílé, ó gbìn ín sínú ilẹ̀ dúdú láàárín Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Igi Obì.

Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé gbà á bí ìyàwó tuntun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyálé. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ, nítorí náà Ọ́kíìdì sọ Òbúkọ ní Bàbá Onírùngbọ̀n, ó sọ Adìyẹ ní Ìyá Ọlọ́mọyọyọ. Ìyàwó tuntun kì í sì í kọ oúnjẹ. Ohun tí ará ilé bá gbé wá, á kúnlẹ̀ gbà á, á jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òbúkọ ló kọ́kọ́ dé. Ó da ìgbẹ́ rẹ̀ sí ìdí Ọ́kíìdì. "Ìyàwó wa, jẹun. Ó ṣì gbóná."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Onírùngbọ̀n."

Adìyẹ wò ó, ó yínmú. "Ṣé wóró wóró yẹn náà lẹ̀ ń pè lóúnjẹ? Ìyàwó, gba tèmi." Ó yàgbẹ́ tútù lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Ọlọ́mọyọyọ."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹ nínú oúnjẹ kan náà, ó ń sanra, ó ń dán. "Jẹ ẹ́, ìyàwó. Ṣé o rí èmi náà?"

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ewé Ọ́kíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ọsàn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀kan nínú ìrudi méjèèjì já bọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú. Ohun tí ìyálé rẹ̀ ń jẹ tó fi ń sanra, òun náà ló ń jẹ tó fi ń rù. Kí ló ṣe? Àbí kò jẹ ẹ́ tó ni?

"Ebi ni," Adìyẹ wí.

"Ebi kẹ̀?" Òbúkọ ní. "Ṣebí mo bù fún un láàárọ̀."

"Èwo la fẹ́ ṣe báyìí? Ẹ ṣáà bù kún un."

Wọ́n bù kún un. Bó ṣe ń pọ́n ni wọ́n ń bù. Bí wọ́n ṣe ń bù ló ń pọ́n. Òbúkọ ní ìgbẹ́ Adìyẹ ni. Adìyẹ ní ìgbẹ́ Òbúkọ ni. Kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ ò dàrú. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ jáde, ó mi orí, ó ní bóyá eérú ló kù. Ó kó eérú nídìí ààrò, ó dà á sí i lára. Gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ síta funfun báláú.

"Ẹ ṣeun, Màmá," Ọ́kíìdì wí. Ohùn rẹ̀ ò fẹ́ jáde mọ́.

Ẹni tó bá ti sùn nílé onílé rí á mọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n fi ìfẹ́ bù ló ṣòro kọ̀ jù. Èyí tí wọ́n fi ìbínú bù, o lè ta á nípàá kó o máa bá tìrẹ lọ. Ti onífẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Igi Obì ti ń wò wọ́n látòkè. Àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn yòókù wá ibòòji lọ, ó la ẹnu.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Kí lẹ ń jẹ nílé bàbá rẹ?"

Láti ọjọ́ tí Ọ́kíìdì ti dé, kò sẹ́ni tó bi í rí. "Omi ni, Bàbá. Omi tó ti kọjá lára ewé jíjẹrà. Afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́, níbi tó wà yìí?"

"Ó ń jó mi. Òmíràn ti ń rà."

"O sì ń dúpẹ́."

"Ìyàwó tuntun ni mí, Bàbá. Kí ni kí n wí?"

"Sọ pé o yó. Tí o bá sọ ọ́, wọ́n á bínú. Tí o ò bá sọ ọ́, ìrudi kan tó kù yẹn á já lọ́la. Èjìká mi rèé."

Ní ìrọ̀lẹ́, Adìyẹ tún dé. Ọ́kíìdì kúnlẹ̀. Ó wo ìrudi rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ìyá Ọlọ́mọyọyọ, ẹ má bínú. Mo yó."

Àpọ̀jẹ bọ́ lẹ́nu Òbúkọ.

"O ṣe kí ni?" Adìyẹ bi í.

"Mo yó. Oúnjẹ yín dára, ìyálé mi lẹ́rìí. Ó ki jù fún mi ni. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́."

Adìyẹ fapá gbálẹ̀. "À ń ṣe é lóore, ó ń ta oúnjẹ wa nípàá! Ó dáa. Láti òní lọ, tó o bá fẹ́ jẹ nínú tiwa, òjò ni kó máa bá ọ bù ú!"

Ó rò pé èpè lòun ń ṣẹ́. Igi Obì rẹ́rìn-ín, ó tẹ èjìká wálẹ̀. Ọ́kíìdì fa ẹsẹ̀ yọ nínú ilẹ̀ dúdú, tòun ti eérú, ó gun òkè, ó di ẹ̀ka mú.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Ó fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé jíjẹrà tó wà láàárín ẹ̀ka, ó ń ṣàn bọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lára èèpo igi. Ọ́kíìdì lá a. Ara rẹ̀ balẹ̀. Kí ọjọ́ méje tó pé, ìrudi náà là.

Adìyẹ dúró nísàlẹ̀, ó yí ọrùn, ó fi ojú kan wòkè. "Èwo tún nìyí? Ìgbà tí a ò bọ́ ọ mọ́ lo wá tanná?" Títí dòní ló ń yí ọrùn wòkè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé e.

Ó yé Àwẹ̀ró. Ó rẹ ìgbẹ́ Òbúkọ sínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan, ó ro omi orí rẹ̀, ó bu omi tútù kún un títí ó fi ṣàn bí omidùn. Ìyẹn ló ń wọ́n sí gbòǹgbò Ọ́kíìdì, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Òbúkọ ní, "Ẹ ò rí i? Tèmi náà ló ń jẹ!"

Láti ọjọ́ tí Igi Obì ti pọ̀n ọ́n ni Ọ́kíìdì ti ń gbé orí igi, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí kì í sì í jẹ oúnjẹ tí a ò bá bu omi là. Eérú Àwẹ̀ró ṣì wà lára gbòǹgbò náà. Bí òjò bá pa á, á di àwọ̀ ewé. Bí oòrùn bá ràn, á tún funfun. Bó o bá sì gbé ọ̀kan wá sílé, má tètè bù fún un. Kọ́kọ́ bi í ohun tí wọ́n ń jẹ nílé bàbá rẹ̀.