Ìdí tí a fi ń jẹ́ ọmọ Gbéewò

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ará òde tó fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ojú tó ń wo ohun olóhun ló tẹ ìlú wa dó.

Adérọ̀gbà, ọmọ ọba tí oyè fò dá, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde nílé. Ó kọ́kọ́ bi òrìṣà odò baba rẹ̀ léèrè ọ̀nà. Ohùn kan ti inú omi dáhùn pé: "Má dó síbi ilẹ̀ ọlọ́ràá, má dó síbi tí ẹran pọ̀ sí. Ibi tí ọmọ kan bá ti ní ìyá méjì ni kí o dó sí." Kò yé e. Ó ṣáà ń lọ.

Àwẹ̀ró ni aya rẹ̀, arẹwà tí í rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀. Kò bímọ rí. Níwájú rẹ̀ ni Àjíún, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ń rìn, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Láti àárọ̀ títí dalẹ́, orí ọmọ yẹn ni Àwẹ̀ró ń wò. Ẹ má bínú sí i.

Àjíún fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyálé mi, ẹ ò ní fi ojú tú ọmọ yìí lẹ́yìn mi! Ó yá, ẹ gbé e wò."

Àwẹ̀ró pọ̀n ọ́n. Ó rọra ń fà sẹ́yìn títí igbó fi bo àwọn yòókù mọ́ ọn lójú, ló bá yà kúrò lọ́nà. Ó fẹ́ lọ jẹ́ ìyá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Kò tíì rìn jìnnà tí ara ọmọ fi gbóná bí ẹyin iná. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwẹ̀ró fi ọmú gbígbẹ sí i lẹ́nu, ó fi ewé tútù ra á lára. Nígbà tí ọmọ dákẹ́, ó gbé etí sí i nímú, ẹ̀rù sì bà á bí kò ti bà á rí. Bí òun náà bá dákẹ́, ọmọ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá ké, àṣírí tú.

Ó ké. "Àjíún o! Ìyá ọmọ, gbà mí o!"

Wọ́n bá a lábẹ́ igi oṣè. Ọkùnrin kan na kùmọ̀ sókè, ṣùgbọ́n Àjíún bọ́ sí àárín.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ojú abiyamọ ló wà lójú ẹ̀ yẹn?"

Orí itan Àwẹ̀ró ni Àjíún ti fún ọmọ lọ́mú, nítorí ọwọ́ Àwẹ̀ró kọ̀, kò tú lára ọmọ.

"Ìyálé mi, ẹ ti gbé e wò. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó wúwo," ni Àwẹ̀ró wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo sì tún fẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé e, nígbà náà."

Adérọ̀gbà gbọ́. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ìrìn ti parí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ọmọ ti tutù pẹ̀sẹ̀. Ọmọ náà ló jọba lẹ́yìn Adérọ̀gbà. Wọ́n sì ń kì wá títí dòní: ọmọ Gbéewò, ọmọ kan ṣoṣo oníyàá méjì.

Bí a bá ń sọmọ lórúkọ níbí, ìyá ọmọ a gbé e fún obìnrin tí kò tíì bí, lójú gbogbo ayé, a ní: "Gbé e wò." Onítọ̀hún kì í fi ojú pamọ́. A gbá ọmọ mọ́ra, a ní: "Ó wúwo. Mo sì tún fẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn bá sunkún lóru, ilẹ̀kùn méjì ni í ṣí.