Igbá Ikúmápàyí

Ní abà Òkè-Ọ̀dà, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn apẹja ń bù ú láti fi dí ojú ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń jò, kò sí ẹni tó dàgbà ju Ikúmápàyí lọ. Òun ni olórí ẹbí, òun ló ń pín ilẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí ohun dídùn bá délẹ̀, ojú rẹ̀ kì í rí ẹlòmíràn.

Nígbà tí àwọn àlejò dé pé àwọn fẹ́ wa iyanrìn ibẹ̀, kí àwọn máa fi omi gbígbóná sè é títí ọ̀dà inú rẹ̀ yóò fi yọ, wọ́n ṣèlérí ilé onípáànù fún un. Ló bá fún wọn ní gbogbo ilẹ̀. Ayọ̀ká, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi etí odò nìkan sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí.

"Àwọn tí a kò tíì bí kò rán mi níṣẹ́," ni bàbá rẹ̀ fèsì.

Kò pé ọdún méjì tí odò fi dúdú. Ẹja kú, ẹ̀gẹ́ ń jẹrà nínú ebè, èéfín kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé mí dáadáa. Ikọ́ pa àkọ́bí Ayọ̀ká. Ó sin ín, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ tẹ̀dó sí Àgọ́ Tuntun, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, agbo ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó yá, àwọn àlejò pàápàá wa ọ̀dà tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó wá ku Ikúmápàyí nìkan nínú ilé onípáànù. Bó bá sín, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé pẹ̀lẹ́. Àárò ọmọ ń sọ ọ́ gidigidi.

Nígbà tí ọdún iṣu tuntun dé, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ bá wọn. Nínú ẹbí yìí, inú igbá àgbà ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún un. Ẹni tó bá sì jẹ èyí tó ṣẹ́kù ni yóò ru igbá náà sin ín délé. Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ayọ̀ká kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ sìn yín dé Òkè-Ọ̀dà, ẹsẹ̀ mi kò sì lè tẹ ibi tí mo sin ọmọ mi sí mọ́. Ẹ dúró tì wá níbí."

Ó wù ú kó dúró, ìtìjú ni kò jẹ́. Ó ní òun kò lè di àtìpó lọ́dọ̀ ọmọ òun. Ó gbé igbá lé orí ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń lọ. Ayọ̀ká ń sunkún, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.