Katakata Òkè-Àfọ̀n Tó Ń Jo Ọ́ìlì

Làmídì ni ó ń wa katakata abúlé Òkè-Àfọ̀n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó o. Katakata náà ti gbó, àmọ́ ṣọ́bìrì ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ tí ogún ọkùnrin kò lè kó. Ọ̀pá irin méjì tí agbára ọ́ìlì ń tì jáde ni ó ń gbé ṣọ́bìrì yìí sókè. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí Làmídì tó lọ kírun, yóò bu iyanrìn odò, yóò mú kànìnkànìn, yóò sì fi ha ọ̀pá méjèèjì bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, títí wọn yóò fi máa dán yinrin. A máa fi yangàn pé ènìyàn lè wo ojú rẹ̀ nínú wọn.

Ní ọdún kan, àgbàrá ba ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ abúlé náà jẹ́, ó gbẹ́ ọ̀gbun síbẹ̀. Bí wọn kò bá dí i kí òjò tó tún dé, kò sí ọkọ̀ tí yóò lè gbé aláboyún tàbí aláìsàn jáde mọ́. Katakata ni gbogbo ojú ń wò. Àmọ́ bí Làmídì bá ti gbé ṣọ́bìrì sókè báyìí, ọ́ìlì á máa jò lẹ́nu ọ̀pá kan, ṣọ́bìrì á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé.

Jímọ̀ mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí ẹnu ọ̀pá náà. Kò pẹ́, ó tún jò. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jò. Ni ọkàn Làmídì bá yí padà. Ṣebí Jímọ̀ ló ń wa katakata yìí tẹ́lẹ̀, kí abúlé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún òun?

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, Jímọ̀ gbé rọ́bà tuntun wá sí àgbàlá Làmídì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ tú u," Làmídì wí. "Ọwọ́ tó ń tún un ṣe náà ló ń bà á jẹ́."

Jímọ̀ gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé kí n wá tún katakata ṣe ni o pè mí, àbí kí n wá jẹ́jọ́? Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ni, gbé àga fún mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ẹ̀ ń ṣàwàdà. Ìlara ni."

"Làmídì, ìyàwó ọmọ mi ń gbé abúlé yìí, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù. Ọ̀nà wo lo rò pé mo fẹ́ kó gbà jáde?"

Làmídì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Jímọ̀ já òwú díẹ̀, ó fi nu ara ọ̀pá dídán náà. Òwú ń há. Ó tẹjú mọ́ ọn: ìlà wẹ́wẹ́ kún ara irin, iyanrìn sì wà lẹ́nu ibi tó ń gbà wọlé. "Àwọn ìlà yìí ló ń gé rọ́bà," ó wí. "Ta ló ń fi iyanrìn ha á?"

Morẹ́níkẹ́, ìyàwó Làmídì, jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ ṣọ̀kọ̀. Ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lu káàkiri. Ó yí i padà, ó sì rí kòkòrò kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ewé.

"Bàbá Kúdírá," ó pe ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, "láti àná ni mo ti ń bú ewúrẹ́ aládùúgbò pé òun ló ń jẹ ẹ̀fọ́ mi. Ẹ wá wo ọ̀daràn náà, orí ẹ̀fọ́ ló fi ṣe ilé."

Làmídì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Jímọ̀.

"Dìde, ọ́ìlì ń ba aṣọ rẹ jẹ́," Jímọ̀ wí. "Mú ọwọ́ tó mọ irin ha yẹn wá, mo níṣẹ́ fún un."

Àwọn méjèèjì fi bébà kíkúnná tí wọ́n fi ń dán irin, pẹ̀lú ọ́ìlì, dán ọ̀pá náà títí òwú kò fi há mọ́. Wọ́n fọ iyanrìn kúrò, wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Làmídì ní "Bìsìmílà", ó fa irin ọwọ́. Ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀, ó gòkè, ó sì dúró digbí. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan kò kán.

Wọ́n dí ọ̀gbun náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ le, kí òjò tó dé. Òjò rọ̀, ọ̀nà kò yẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀, gbogbo abúlé ń kí Làmídì, òun sì ń nawọ́ sí Jímọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi ilé rẹ̀ ru ará ìta, wọn a ní kó kọ́kọ́ yí ewé náà padà wò. Ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe nìyẹn pé, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.