Omi tí Fáníyì Lọ Mu

Níbi ọ̀wẹ̀ oko ni Fáníyì ti ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ mumi, wọn ò sì rí i mọ́ títí ebè fi tán.

"Fáníyì ti mumi o!" Ọ̀jẹ́wùmí pariwo, ni gbogbo oko bá bú sẹ́rìn-ín.

Bí ìlú ṣe gba ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá sá fún iṣẹ́, wọ́n á ní ó mumi. Inú Ọ̀jẹ́wùmí a máa dùn pé ẹnu òun ló ti jáde.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ọmọ Fáníyì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sunkún dé láti ibi eré.

"Bàbá àgbà, wọ́n ní ọmọ Amumi ni mí. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọ̀jẹ́wùmí dìde.

"Ọmọ mi, jẹ́ n lọ mumi ná."