Bí Agbókùn Ṣe Mú Wa Dó Sétí Odò Ṣàwẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìdó Agbókùn, ọmọ afokùn-bódò-sọ̀rọ̀, ẹ jókòó kí n tún un sọ fún yín. Àwọn ará ààfin ní bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí, ó sì dùn létí, nítorí adé pọ̀ nínú rẹ̀. Ilé Ọmọ́lèrè ni wọ́n bí mi sí ní tèmi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nílé wa ni màá ṣe sọ ọ́.

Adégúnlẹ̀ ni àkọ́bí ọba Ìmọ̀rìn. Kí ìdílé wọn tó jọba, okùn ni wọ́n ń hun, kókó kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n so. Bí wọ́n bá ti so ó tí omi sì kàn án, ó parí nìyẹn, àfi kí wọ́n mú ọ̀bẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kì wọ́n ní Ọmọ A-so-má-tú, ọmọ a-sẹfọ̀n-mọ́gi-kẹ́fọ̀n-gbàgbé-igbó. Adégúnlẹ̀ fẹ́ràn oríkì yìí ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, àbúrò rẹ̀ ni àwọn afọbajẹ mú. Adégúnlẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ẹrù rẹ̀, àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta sì tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀, Yèyé Mọrẹ́nikẹ́, wà lára wọn. Làkúrègbé ti ká ìka ọwọ́ ìyá náà kò, tó fi jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a ró ìró rẹ̀.

Ìsun omi kan wà lẹ́yìn odi Ìmọ̀rìn, arúgbó kan sì ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rìnrìn àjò tí kì í kọ́kọ́ yà síbẹ̀ mu omi. Bí Adégúnlẹ̀ ṣe mu omi tirẹ̀ tán, arúgbó náà gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìdí igbá náà, ó ní:

“Ẹ máa lọ. Ibi tí ohun tí ẹ dè bá ti tú lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára, tí kò lo ọ̀bẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì kú, ibẹ̀ ni kí ẹ dó.”

Èébú pátápátá ni ọ̀rọ̀ yìí jọ létí Adégúnlẹ̀. Ta ló fẹ́ tú ohun tí Ọmọ A-so-má-tú dè? Láti ọjọ́ náà ló ti ń fún kókó rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rìn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ, níbi tí omi ti pọ̀. Bí wọ́n bá dé odò ńlá, wọn a ta okùn láti etí kan dé èkejì. Àwọn tó bá wà nínú ọkọ̀ a di okùn náà mú, wọn a máa fi ọwọ́ fa ara wọn lọ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn tó bá mu omi yó a wúwo, a rì, a lọ há mọ́ kùkùté nísàlẹ̀. Kó má baà rì, wọ́n ń so akèrègbè mọ́ ọn. Adégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń so ó.

Ní odò kejì tí wọ́n dé, igi ńlá kan ṣàn wá, ó há mọ́ akèrègbè méjì láàárín odò, ó sì ń fa okùn lọ. Ọkọ̀ wà lórí omi, Akínlàjà, ọkọ Ọmọ́lèrè tí ilé wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ló sì wà nínú rẹ̀. Adégúnlẹ̀ wọ inú ọkọ̀ mìíràn lọ bá igi náà. Ó fẹ́ tú kókó, kókó kò tú. Òun kúkú ló so ó. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń gé kókó, omi ń jì í, ọ̀bẹ sì bá okùn. Odò gbé Akínlàjà lọ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, a kò sì rí ọkọ̀, a kò rí òun náà.

Àwọn ará ààfin máa ń sọ pé okùn já. Okùn kò já. Wọ́n gé e ni. Adégúnlẹ̀ dé etí odò, ó ní, “Okùn ti já.” Ọmọ́lèrè rí ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́, kì í ṣe nítorí pé inú rẹ̀ kò bà jẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé ọkọ kò sí mọ́, kò sì mọ ibi tí òun ìbá gbà padà sílé bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ọmọ́lèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi. Ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀ tí àwa ará odò fi ń kọ́lé, tí inú rẹ̀ fúyẹ́, ni ó ń gé ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò gbé okùn ró láìsí kókó, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan wọ̀, kó sì fi ọwọ́ kan yọ. Ó ń dán an wò lára okùn ìwọ̀ tó fi ń pẹja. Àkọ́kọ́, ó la ẹ̀gbẹ́ igi náà tààrà, omi sì fa okùn jáde. Ó la òmíràn tóóró, igi sán. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi ìdáná ló ń gbẹ́. Oṣù keje ni ojú rẹ̀ là sí i: ó la ẹnu igi náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó wá wọ́ ọ̀nà rẹ̀ nínú bí ìgbà tí ènìyàn ká ìgbọ̀nwọ́. Bí o bá ti okùn sí ẹnu rẹ̀ tí o yí igi náà díẹ̀, okùn a wọlé, a sì jókòó. Omi kò lè fà á jáde, nítorí omi kò mọ bí a ṣe ń yí i padà. Ó pe igi náà ní agbókùn.

Ọdún kẹta ni wọ́n dé Ṣàwẹ̀rẹ̀, odò tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí. Ìdajì wọn ti kọjá nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣẹ́ kù sórí iyanrìn kékeré lódìkejì, Yèyé Mọrẹ́nikẹ́ sì wà láàárín wọn. Omi ń jẹ iyanrìn náà. Okùn tí wọ́n ta ti rì, ó ti há, ọkọ̀ kò sì ṣeé fà. Akèrègbè kò kù ju mẹ́ta lọ.

Ọmọ́lèrè gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá. Ogójì agbókùn ló wà nínú rẹ̀. Adégúnlẹ̀ wò ó, ó ní, “Mi ò ní gbé ìyá mi lé ohun tí a kò so.”

Ọmọ́lèrè ní, “Èyí tí ẹ so nígbà yẹn, ọmọ ọba, ọkọ mi wà lórí rẹ̀.”

Adégúnlẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ́lèrè mú ọkọ̀, ó ń fa okùn sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi agbókùn wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé odìkejì. Okùn náà léfòó láti etí dé etí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọkọ̀ lọ tó sì bọ̀. Yèyé ní òun ni yóò kẹ́yìn, òun àti Ọmọ́lèrè nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀ ìkẹyìn.

Wọ́n dé àárín odò ni odidi pápá koríko kan já wá láti òkè odò. Ó dì mọ́ agbókùn mẹ́jọ tó wà níwájú wọn. Okùn tẹ̀, ó ń dún, igi tí wọ́n dè é mọ́ létí odò sì ń mì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin fa ọ̀bẹ yọ. Adégúnlẹ̀ dúró níwájú wọn, ó ní, “Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀.”

Ọmọ́lèrè kò lè fi okùn sílẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ọkọ̀ mú mọ́ ọn. Yèyé Mọrẹ́nikẹ́ ló wà níwájú ọkọ̀. Ọmọ́lèrè ní, “Yèyé, ẹ yí i sí apá òsì.”

Ìyá tí kò lè ró ìró ara rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti agbókùn kìíní, ó yí i, ó yọ. Ó jù ú sínú ọkọ̀. Ó yọ èkejì. Nígbà tó yọ ìkẹjọ, okùn níwájú wọn rì, koríko náà gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá náà tún fi agbókùn wọ okùn bí wọ́n ṣe ń fà á sókè, ọkọ̀ sì gúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú.

Gbogbo wọn ló rántí ọ̀rọ̀ arúgbó ìdí ìsun. Adégúnlẹ̀ di ìyá rẹ̀ mú, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, “Akínlàjà. Èmi ni mo gé okùn náà. Mo parọ́ fún yín.” Ó ju ọ̀bẹ náà sódò.

Ọmọ́lèrè ní, “Mo ti gbọ́.”

Wọ́n bi í bóyá ó ti dárí jì í. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni òun sọ pé òun gbọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n dó sí, ibẹ̀ náà ni a wà yìí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń jẹ́ Ìdó Agbókùn. Wọn kò ki ọba wa ní A-so-má-tú mọ́. Ọmọ A-dè-ṣeé-tú ni wọ́n ń kì í. Ẹnikẹ́ni kì í mú ọ̀bẹ wọ ọkọ̀ lórí Ṣàwẹ̀rẹ̀ títí di òní, ìyàwó tuntun kì í sì í lọ sílé ọkọ láìmú agbókùn kan dání.

Bí a bá sì fẹ́ fi ọba tuntun jẹ, a ó ta okùn sórí odò, a ó fi ogójì agbókùn wọ̀ ọ́. Obìnrin tó dàgbà jù nílùú yóò yọ mẹ́jọ. Ọba náà yóò ju ọ̀bẹ sómi, yóò pe orúkọ Akínlàjà, yóò sì sọ pé, “Èmi ni mo gé okùn náà. Mo parọ́ fún yín.” Wọn kò gbọdọ̀ dé e ládé títí obìnrin kan láti ilé Ọmọ́lèrè yóò fi dáhùn. Ìyá mi ló dá ọba àná lóhùn. Èmi ni mo dá èyí tó wà lórí oyè lóhùn. Ó sọ tirẹ̀ tán, ó dúró nínú omi dé orúnkún, ó ń wò mí. Mo jẹ́ kó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, “Mo ti gbọ́.”